Ọkùnrin Méjì Tí Wọ́n Ní Mo Fi Pamọ́

28 oṣù kìíní, 1923

Èmi Jimoh ará Ọ̀kà ni mo kọ èyí nínú ẹ̀wọ̀n ní Ìkàrẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Zacchaeus kò bá mi di lẹ́ẹ̀dì mú.

29 oṣù kìíní

Ọyẹ́ ṣì ń mú, ètè mi ti là. Eunice ìyàwó Zacchaeus ló gbé ìwé yìí wá lánàá pẹ̀lú iṣu sísè. Zacchaeus, tíṣà tó ń kọ́ mi ní ABD, tí a sì jọ ń sùn lórí ẹní kan, ní kí n máa kọ ohun tí ojú mi bá rí, kí ọwọ́ mi má baà tún le. Mo ní kí ni kí n kọ. Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ń bí ọ nínú."

Ìyẹn kò ṣòro. Ẹ̀rù ìwé ló ń bà mí, bóyá kò ní tó.

31 oṣù kìíní

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí.

Wọ́n ní mo fi ọkùnrin méjì pamọ́ kí wọ́n má baà ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Àkànní ni wọ́n pe ọ̀kan, Adúmáadán ni wọ́n pe èkejì. Èmi ni Àkànní. Èmi náà ni Adúmáadán. Ìyá mi ló ń pè mí ní Àkànní láti ọjọ́ tó ti bí mi. Limota, ìyàwó Badmus ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú, ló ń pè mí ní Adúmáadán. Wọ́n ti bí mi kí ó tó wọlé wa, ọkọ ni mo jẹ́ fún un, kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi.

Nígbà tí akọ̀wé ọ̀nà dé agboolé wa, mo wà lóko. Ó ní kí wọ́n ka àwọn ọkùnrin ilé fún òun. Ìyá mi wí tirẹ̀, Limota wí tirẹ̀, ó kọ méjèèjì. Mo dé ojú ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, ó bi mí ní orúkọ, mo ní Jimoh. Ó kọ ìyẹn náà. Báyìí ni mo di ọkùnrin mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀ tí mo sì ru òkúta, àwọn méjì yòókù kò yọjú. Báwo ni wọn ì bá ṣe yọjú?

Ní kóòtù, bí wọ́n ti pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, èmi ni gbogbo wọn." Wọ́n ní mo ń fi kóòtù ṣe yẹ̀yẹ́. Oṣù márùn-ún nítorí ọkùnrin méjì tí kò sí láyé, oṣù kan nítorí ẹ̀rín. Bí oṣù mẹ́fà náà bá pé ní 24 oṣù kẹrin tí n kò tíì mú Àkànní àti Adúmáadán wá, wọ́n ní oṣù mẹ́fà mìíràn ni. Ọwọ́ ń dùn mí. Mo dúró níbí.

2 oṣù kejì

Jímọ̀ lónìí. A gbọ́ ìpè ìrun láti ìlú, wọ́dà sì jẹ́ kí a ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ògiri. Lẹ́yìn ìrun, Hámzàt tí a jọ ń gé koríko ní, "Ìwọ ọmọ kéwú, kí lo ń fi ABD ṣe? Wọn yóò sọ ọ́ di onígbàgbọ́ kí o tó jáde."

Mo ní, "Kéwú ni mo fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ọ̀nà kò gbọ́ kéwú."

 Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ọwọ́ mi ṣì máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún bí ìgbà tí mo ń kọ wàláà. Lánàá, mo kọ odindi ìlà kan sẹ́yìn. Zacchaeus rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

5 oṣù kejì

Mo bi Zacchaeus ohun tó gbé e dé ibí. Àwọn ará Ugbe ló ní kí ó bá àwọn kọ̀wé sí ajẹ́lẹ̀, pé ọ̀nà tuntun náà gba àárín ebè wọn kọjá nígbà tí iṣu kò tíì gbó. Ìwé kan ṣoṣo. Kò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó ń kọ́ ará ìlú ní àìgbọràn, wọ́n fún un ní oṣù mẹ́sàn-án. Èmi kò mọ̀wé, wọ́n tì mí mọ́lé. Òun mọ̀wé, wọ́n tì í mọ́lé. Kí ni wọ́n wá fẹ́?

9 oṣù kejì

A fọ́ òkúta láti àárọ̀. N kò lè di lẹ́ẹ̀dì mú.

14 oṣù kejì

Kì í ṣe òkúta ni mo fọ́ lónìí.

Wọ́dà Ìbíyínká ní kí n gbá yàrá tí àwọn akọ̀wé ń lò. Ìwé ńlá kan wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Mo rí "Oka" lókè. Mo fi ìgbálẹ̀ sábẹ́ apá, mo ń kà á sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọdé tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta. Mo rí Àkànní. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, Adúmáadán. Ní ìlà tó tún tẹ̀ lé e, Jimoh. Ilé kan náà ló kọ síwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n jókòó tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ìyá.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjì àkọ́kọ́ tí n kò lè kà. Mo fi èédú kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ìbíyínká bá mi níbẹ̀.

"Kí lo ń wò?"

"Ara mi ni mò ń wò, sà."

Ó rò pé orí mi ti dàrú, ó sì lé mi jáde. Zacchaeus wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní èdè òyìnbó ni, pé ohun tó túmọ̀ sí ni "ó sá lọ". Èmi tí mo wà ní ojú ọ̀nà lójoojúmọ́ tí akọ̀wé yẹn ń rí mi, òun náà ló kọ pé mo sá lọ, lẹ́ẹ̀mejì!

15 oṣù kejì

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìbíyínká. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ kàn pọ̀ ju etí rẹ̀ lọ. Lónìí ó gbọ́. Ó ní ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹrin, pé kí ẹni tó pe orúkọ fún akọ̀wé wá jẹ́rìí níwájú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tìrẹ nìkan kò lè tó. Ẹlẹ́wọ̀n ni ọ́."

Ènìyàn méjì ló pe orúkọ. Ìyá mi ti kú. Ó ku Limota.

18 oṣù kejì

N kò tíì kọ nípa ìyá mi. Ní oṣù kejìlá ló kú. Wọ́n ti sin ín ní ọjọ́ mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí n lọ wo ilẹ̀ ibẹ̀ lásán, wọ́n ní ta ni yóò ṣọ́ mi.

Limota ló fa gbogbo èyí. Òun ló pe Adúmáadán fún akọ̀wé. Ó sì tún kúrò nílé, ó kó Raliat ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn baba rẹ̀ ní Ọ̀bà, ó fi ìyá mi sílẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́, ojú ìyá kò sì ríran dáadáa mọ́. Obìnrin wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá ọkọ rẹ̀?

20 oṣù kejì

Zacchaeus fẹ́ bá mi kọ̀wé sí Limota, mo ní rárá, èmi ni n ó kọ ọ́. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi kọ èyí:

"Limota. Wá sí Ìkàrẹ́ ní oṣù kẹrin nígbà tí ajẹ́lẹ̀ bá dé. Ìwọ lo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ìwọ ni yóò tún un ṣe. Má ṣe pẹ́. Jimoh."

Matthew tíṣà ìjọ ní Ọ̀bà ni yóò kà á fún un. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ láyé mi nìyí. Mo wò ó títí.

4 oṣù kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Ó gba inú òrùlé wọlé, a gbé ẹní dúró. Eunice ní ife iyọ̀ kan ti di tọ́rọ́ ní ọjà Ìkàrẹ́. Ó ti fi ìwé mi ránṣẹ́ sí Ọ̀bà.

11 oṣù kẹta

Èsì dé. Matthew ló kọ ọ́, èmi fúnra mi ni mo kà á, n kò ṣìnà ní ibì kan:

"Sí Jimoh ní ẹ̀wọ̀n. Ìyá Raliat gbọ́ ìwé rẹ. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Jimoh. Ó ní wọn kò jẹ́ kí òun pe orúkọ náà rí, àti pé òun ti kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Matthew."

Kí ó máa wò ó! Kí n jẹrà síbí nítorí ìgbéraga obìnrin! Mo fẹ́ fa ìwé náà ya, Zacchaeus gbà á lọ́wọ́ mi.

12 oṣù kẹta

 A pọnmi fún ilé tí ajẹ́lẹ̀ máa ń wọ̀ sí, ìgbà mẹ́rìndínlógún.

16 oṣù kẹta

Zacchaeus ní kí n ka ohun tí mo ti kọ nípa Limota sókè fún òun. Mo ṣí ojú ìwé 18 oṣù kejì. Mo kà á dé "ó sì tún kúrò nílé".  Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí.

Ó ní, "Ṣé ó kàn kúrò nílé ni?"

Mo pa ìwé dé.

17 oṣù kẹta

Mo kọ irọ́ sínú ìwé yìí. N kò ní pa á rẹ́. N ó kọ òótọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Limota kò kúrò nílé. Èmi ni mo lé e. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá wá mú mi, gbogbo agboolé dúró, mo wọ yàrá rẹ̀ mo sì ju ẹrù rẹ̀ síta. Mo ní ìwọ lo tà mí, bí mo bá dé tí mo bá ọ nínú ilé yìí, ojú rẹ yóò rí nǹkan. Ó kúnlẹ̀. Kò bẹ̀ mí nítorí ara rẹ̀. Ohun tó bi mí ni pé, "Ta ni yóò máa pọnmi fún ìyá?" N kò dá a lóhùn. Ọlọ́pàá ń fà mí, mo sì ń pariwo kí ó jáde.

Ìyá mi lọ pọnmi fúnra rẹ̀. Ó ṣubú lórí àpáta lọ́nà odò. Mo ti mọ èyí láti oṣù kejìlá. Ẹni tó mú ìròyìn ikú wá ló sọ ọ́ fún mi, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun kan kù. Ìkúnlẹ̀ tó wí, mo rántí rẹ̀ dáadáa. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n gbé e wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ó rí mi lódò pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé kéwú, ó ní, "Jimoh, wá bá mi gbé ìkòkò yìí rù." Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé ìyàwó ilé ń pe orúkọ mi. Mo sunkún délé. Àwọn àgbà obìnrin mú un kúnlẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n ní kí ó ra adìẹ kan láti fi bẹ̀ mí. Wọ́n sè é. Èmi ni mo ní kí ó má tíì dìde títí n ó fi jẹ ẹ́ tán, mo sì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ló ti sọ mí ní Adúmáadán.

Nígbà tí akọ̀wé ọ̀nà ní kí ó pe orúkọ mi, kí ni mo fẹ́ kí ó pè?

19 oṣù kẹta

Mo kọ̀wé mìíràn sí Limota. Ìdajì ojú ewé ni. N kò ka èyí fún Zacchaeus, òun náà kò sì béèrè.

26 oṣù kẹta

Òjò ń rọ̀ dáadáa báyìí. Gbogbo Ọ̀kà ti ń gbin iṣu. Ebè tèmi yóò ti di koríko. Kò sí èsì láti Ọ̀bà.

30 oṣù kẹta

Wọ́n tú Hámzàt sílẹ̀. Kí ó tó lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n kọ orúkọ òun sórí bébà kékeré. Mo kọ ọ́, H títí dé T. Ó wò ó ní iwájú, ó wò ó ní ẹ̀yìn, ó dì í sínú fìlà. Kò sọ nǹkan kan nípa onígbàgbọ́.

8 oṣù kẹrin

Kò sí èsì. Ìbíyínká ní ajẹ́lẹ̀ yóò dé ní Jímọ̀. Tí Limota kò bá wá, ó di oṣù kẹwàá kí n tó tún rí ilé. Kò ní í ṣe àṣìṣe bí kò bá wá. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ọ̀nà yẹn ń jẹun nílé rẹ̀ lálaalẹ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun kan. Inú ń bí mi sí òun, inú sì ń bí mi sí ara mi.

13 oṣù kẹrin

N ó kọ gbogbo rẹ̀ kí n tó sùn.

Abẹ́ igi iwájú kóòtù ni. Ajẹ́lẹ̀ jókòó, ògbufọ̀ dúró, akọ̀wé ọ̀nà gbé ìwé ńlá rẹ̀ dání. Ará Ọ̀kà pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n to àwa ẹlẹ́wọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo wo ọ̀nà títí ojú fi ń ro mí. Ìgbà tí wọ́n ti pe orúkọ mi ni mo tó rí Limota, òun àti Matthew, eruku bo ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún. Láti àná ni wọ́n ti ń rìn bọ̀ láti Ọ̀bà.

Ògbufọ̀ ní, "Ṣé o mọ ọkùnrin yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

 Àwọn obìnrin Ọ̀kà tó wà lẹ́yìn ń kùn, pé ṣé yóò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ níta gbangba ni. Ògbufọ̀ tún un bi, ohùn rẹ̀ ti le. Limota mú bébà kan jáde láti ìgbátí aṣọ rẹ̀.

"Ó kọ ìwé sí mi. Kí ó kọ́kọ́ kà á, kí gbogbo ẹni tó wà níbí gbọ́. Lẹ́yìn náà n ó wí."

Ajẹ́lẹ̀ béèrè pé ta ló kọ́ ẹlẹ́wọ̀n níwèé. Zacchaeus jáde lórí ìlà. "Èmi ni, sà." Ajẹ́lẹ̀ fi orí ṣe àmì sí mi pé kí n kà á.

Ìwé tí mo kọ nìyí, mo kà á sókè níwájú ará Ìkàrẹ́ àti ará Ọ̀kà:

"Ìyá Raliat, mo kí ọ. Ìwọ kọ́ lo tà mí. Orúkọ tí mo fi ipá mú ọ máa pè ni o pè. O kúnlẹ̀ nínú oòrùn, mo jókòó, mo jẹ adìẹ rẹ. Mo lé ọ jáde nílé ọkọ rẹ. O bi mí pé ta ni yóò pọnmi fún ìyá, n kò dá ọ lóhùn, ìyá sì ṣubú. Èmi ni mo fà á, kì í ṣe ìwọ. Bí o kò bá wá, n kò ní bínú sí ọ. Jimoh ni orúkọ mi. Máa pè mí bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí o bá ti rí mi."

Ìgbà méjì ni mo dúró. Ojú tì mí, omi ń bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún torí ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di bébà náà mú. Kò sẹ́ni tó tún kùn mọ́.

Limota gba ìwé rẹ̀ padà, ó dì í. Ó wá gbé ojú sókè sí mi.

"Jimoh ni," ni ó wí. "Òun ni Àkànní ìyá rẹ̀. Òun ni Adúmáadán tèmi. Ọkùnrin kan ni wọ́n. Jimoh."

Ajẹ́lẹ̀ ní kí akọ̀wé ṣí ìwé, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sórí orúkọ méjì. Ó tán. Ó ní kí wọ́n tú mi sílẹ̀. Kò wí nǹkan kan nípa oṣù márùn-ún àti ààbọ̀ tí mo ti lò. Oṣù tí wọ́n fún mi nítorí ẹ̀rín, ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu kàn án. Akọ̀wé pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní kí n má gbàgbé láti wá sí ojú ọ̀nà ní Mọ́ńdè.

14 oṣù kẹrin

Mo fi Zacchaeus sílẹ̀ níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin ṣì kù fún un. Ó fún mi ní lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó gùn jù. Ìwé tí n ó kọ́kọ́ kọ ní Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, ajẹ́lẹ̀ ni n ó sì kọ ọ́ sí. Kí wọ́n tún wá mú mi.

20 oṣù kẹrin, Ọ̀kà

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ ìwé Zacchaeus, ojú ewé méjì, ó ti lọ. Akọ̀wé ọ̀nà tún ń kọ orúkọ láti agboolé dé agboolé. Nígbà tó dé tiwa, mo jókòó tì í, mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan, orúkọ kan. Kò dùn mọ́ ọn nínú.

Limota wá láti Ọ̀bà pẹ̀lú Raliat. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó padà sílé. Ó ní òun kò tíì mọ̀, pé kí n má tíì bi òun léèrè. Ó mú mi lọ sí ibi tí wọ́n sin ìyá mi sí. Koríko ti hù níbẹ̀. A fi ọwọ́ tu ú.

Ó rí ìwé yìí lábẹ́ apá mi. Ó ní, "Jimoh, nínú gbogbo orúkọ tí o kọ síbẹ̀, ṣé o kọ ti ìyá?"

Mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ wọ́dà wà níbẹ̀, orúkọ gbogbo wa wà níbẹ̀. Ìyá mi, ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ káàkiri. N kò pe orúkọ ìyá mi rí láyé mi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo gbé ìwé lé itan, mo kọ ọ́. Limota ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun.

Mo kà á sókè. Memunat.